Bí a ṣe ń fi bàálù kékeré kọjá òkè láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn òkè gbé wa ṣubú

Houston ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi wá sí Denver, mo rò pé bàálù ni bàálù ń jẹ́, afẹ́fẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń jẹ́. Ọjọ́ tí èmi àti olùkọ́ mi tuntun kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, tí a sún mọ́ Rollins Pass, àlàfo kan láàárín òkè, ni mo tó mọ̀ pé ojú mi ò tíì là. Ẹ́ńjìnnì ń ké tagbáratagbára, imú bàálù gbé sókè, síbẹ̀ aago ń sọ fún wa pé à ń já bọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Báírò tí mo gbé sórí itan fò lọ kan òrùlé. Olùkọ́ mi ò pariwo. Ó kàn ní, "Yí i sápá ọ̀tún, báyìí báyìí." A yí i, a padà sílé, a lọ mu kọfí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan. Àwọn ọmọ wa tó ń gba ìwé àṣẹ awakọ̀ bàálù ní Texas, Florida àti Georgia ti ń pọ̀. Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ wa níbí, wọ́n á háyà bàálù kékeré Cessna, wọ́n á kó ìyàwó àti ọ̀rẹ́ sínú rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn lọ wo yìnyín orí òkè. Àwọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ gba olùkọ́ tó mọ òkè fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ tó dán an wò fúnra yín. Ohun tí mo kọ síbí ò lè gba ipò rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ronú nípa odò

Ẹ ti rí odò tó ń ṣàn kọjá lórí òkúta rí. Níwájú òkúta, omi á rọra gùn ún. Tó bá ré e kọjá, á já wọlẹ̀ gìrìgìrì, á tún sọ sókè, á sì máa ṣe ìgbì bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn òkúta náà gan-an, lábẹ́ ìgbì yẹn, omi a máa yí pòòyì, ewé tó bá bọ́ síbẹ̀ á há: kò lọ, kò bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣe lórí òkè nìyẹn. Ìgbì rẹ̀ lè ga ju òkè fúnra rẹ̀ lọ lọ́nà púpọ̀, ó sì lè nà dé ọ̀pọ̀ máìlì lẹ́yìn òkè. Ibi tó ń yí pòòyì yẹn ni àwọn òyìnbó ń pè ní rotor. Ààjà ni èmi ń pè é, torí ó jọ èyí tí ń gbé ewé àti iyẹ̀pẹ̀ yí káàkiri lójú títì nílé. Ìyàtọ̀ tó hàn jù ni pé ààjà tiwa ń dúró nàró, ti ẹ̀yìn òkè dùbúlẹ̀ gbalaja bí igi tí wọ́n gé lulẹ̀ tó sì ń yí lórí ara rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ojo ni. Ní April 25, 1955, àwọn onímọ̀ ń ṣèwádìí ìgbì afẹ́fẹ́ nítòsí ìlú Bishop ní California, lẹ́yìn òkè Sierra Nevada. Bàálù aláìlẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń lò bọ́ sínú ààjà yìí, ó sì fọ́ yángá lójú ọ̀run. Párásúùtì ló kó awakọ̀ rẹ̀ yọ. Ní January 10, 1964, ní Colorado wa níbí, afẹ́fẹ́ òkè Sangre de Cristo ká ìrù òró ọkọ̀ ogun B-52 kan kúrò, ọkọ̀ ràgàjì tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́jọ. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí wọ́n tó fi balẹ̀ ní Arkansas. Tí afẹ́fẹ́ bá lè ṣe èyí sí B-52, kí ni yóò wá ṣe sí Cessna tí èèyàn méjì lè fi ọwọ́ tì kúrò nínú gáréèjì?

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo afẹ́fẹ́ láti alẹ́ àná

Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ilẹ̀ o. Ní pápákọ̀ òfuurufú, àsíá lè rọ̀ wọ̀ọ̀, kí ó sì máa jà fitafita lókè. Ẹ lọ sórí ìkànnì aviationweather.gov, ẹ wo àsọtẹ́lẹ̀ afẹ́fẹ́ òkè ní ẹsẹ̀ bàtà 9,000 àti 12,000, kí ẹ sì fi wé gíga òkè tí ẹ fẹ́ kọjá. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá: báwo ló ṣe lágbára tó níbi góńgó òkè, ṣé ó ń gbá òkè láàárín ìhà ni tàbí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, àti ṣé ó ń le sí i bí ẹ ṣe ń gòkè. Òkè Rocky nà láti àríwá sí gúúsù, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ti ìwọ̀-oòrùn wá ló burú jù fún wa ní Denver, ìhà ìlà-oòrùn là ń gbé, ẹ̀yìn òkè gan-an.

Tèmi rèé: tí afẹ́fẹ́ orí òkè bá ti ń sún mọ́ nọ́ọ̀tì 20 (nǹkan bíi máìlì 23 ní wákàtí kan), mo ti ń ronú ohun mìíràn tí mo lè fi ọjọ́ náà ṣe. Tó bá di 25, mi ò ní lọ, kódà kí àlejò ti wọ ọkọ̀ láti Dallas. Àwọn kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á sọ pé ojo ni mí. Ìwé ìtọ́nisọ́nà FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ ní kí á má fò bí afẹ́fẹ́ ní gíga tí a fẹ́ fò bá ju máìlì 35 ní wákàtí kan lọ, èyí tó jẹ́ nǹkan bí nọ́ọ̀tì 30. Ó sì tún kìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó ń gba àlàfo àárín òkè kọjá máa ń le ju èyí tí wọ́n wọ̀n ní máìlì díẹ̀ síbẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi díẹ̀, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ń sọ. Ibi tó jẹ́ àlàfo yẹn náà sì ni àwa oníbàálù kékeré máa ń fẹ́ gbà, torí ẹ́ńjìnnì wa ò lè gun orí góńgó tó ga jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìròyìn àwọn awakọ̀ tó ti gba ibẹ̀ láàárọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní bàálù òun gbọ̀n ju àsọtẹ́lẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tètè jí

Aago mẹ́fà àárọ̀ dára ju mẹ́jọ lọ. Bí oòrùn bá ti ń mú, ẹ̀gbẹ́ òkè á gbóná, afẹ́fẹ́ á máa ru gùdù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn sì rèé, àrá máa ń dé lọ́sàn-án. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ti balẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò ohun tí ẹ́ńjìnnì máa rí

Ibí yìí ni àwọn ará pẹ̀tẹ́lẹ̀ ti máa ń ṣìnà jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì, apá bàálù àti abẹ̀bẹ̀ iwájú, afẹ́fẹ́ ni gbogbo wọn ń jẹ. Bí a ṣe ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, bí ooru sì ṣe ń mú ló tún ń fẹ́lẹ́ sí i. Pápákọ̀ òfuurufú Leadville ló ga jù ní Amẹ́ríkà ti Àríwá; ẹsẹ̀ bàtà 9,934 ló fi ga ju òkun lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí a ń lò, 15 °C ni etí òkun, a ó sì máa yọ 2 °C fún ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Fún Leadville, ó yẹ kó jẹ́ nǹkan bí 5 °C sísàlẹ̀ òdo. Ká ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú July, ó wá jẹ́ 20 °C. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25. Ẹ fi 120 ṣe ìlọ́po rẹ̀: 3,000. Ẹ rò ó mọ́ 9,934, ó di nǹkan bí 12,900. Ìyẹn ni pé bàálù yín dúró lórí ilẹ̀, kò tíì gbéra, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ti gbà pé òun wà ní gíga 12,900. Ẹsẹ̀ bàtà 14,000 ni òpin gíga tí wọ́n kọ sínú ìwé Cessna 172S. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ara wọn kí ẹ wo iye tó ṣẹ́ kù fún yín.

Nítorí náà: ẹ dín ẹrù kù. Bàálù tó ní àga mẹ́rin kò sọ pé kí ẹ kó èèyàn mẹ́rin. Ní òkè, èmi àti ẹnì kan ṣoṣo ni, epo tó máa gbé wa lọ, tó máa gbé wa bọ̀, pẹ̀lú wákàtí kan lérí. Kí ẹ tó gbéra, ẹ fa nọ́ọ̀bù pupa tó ń darí epo sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi sáré dáadáa, torí epo tó pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ní Houston, ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi ní èyí kí n tó gbéra. Mo máa ń tì í wọlé pátápátá ni, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kìíní mi ní Colorado títí olùkọ́ mi fi na ọwọ́ kọjá níwájú mi láìsọ̀rọ̀, tó fà á sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ sọ ibi tí ẹ ń lọ fún ẹnì kan, kí ẹ sì wọṣọ

Ẹ fi ètò ìrìnàjò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ, kí ẹ sì sọ fún wọn bí ẹ bá dé kí wọ́n lè pa á dé. Màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ní ti aṣọ, mo máa ń rí àwọn tó ń wọ bàálù lọ sórí yìnyín pẹ̀lú síláípáàsì. Ní December 4, 1978, bàálù Twin Otter kan tó gbéra láti Steamboat Springs fẹ́ padà torí yìnyín ti ń dì mọ́ apá rẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn òkè sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó já sí Buffalo Pass ní alẹ́, nínú ìjì yìnyín. Èèyàn 22 ló wà nínú rẹ̀, 20 ló yè é. Inú yìnyín ni wọ́n wà kí àwọn olùrànlọ́wọ́ tó rí wọn. Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yìí ni kóòtù, ìbọ̀wọ́, omi àti iná ìléwọ́ ti ń gbé ẹ̀yìn àga mi, kódà ní August.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka ojú ọ̀run

Bí ẹ bá rí ìkùukùu tó dà bí àwo tí a da ojú rẹ̀ dé, tó ń dán ní etí, tó dúró sójú kan bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ ń fẹ́ gidigidi, ìgbì ni. Ó lè tò lé ara wọn bí abọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù ìyá àgbà. Ó rẹwà, àwọn èèyàn máa ń yà á ní fọ́tò. Ẹ yà á láti ilẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ya wúruwùru bí òwú tí wọ́n ń gbọ̀n, tó ń yí lórí ara rẹ̀ lẹ́yìn òkè, ààjà wa nìyẹn. Ẹ má ṣe sún mọ́ ọn rárá, ẹ má gba abẹ́ rẹ̀. Bí ìkùukùu bá bo orí òkè bí fìlà, tó sì dà bíi pé ó ń ṣàn wá sílẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ yín, afẹ́fẹ́ ń já wálẹ̀ níbẹ̀. Bákan náà ni bí yìnyín bá ń fò kúrò lórí góńgó bí ẹ̀ẹ́fín.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àìsí ìkùukùu gbọ́kàn. Ìkùukùu ń fi ìgbì hàn ni, kò dá a sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, ìgbì á wà, ojú ọ̀run á sì mọ́ roro. Ọjọ́ tó mọ́ bẹ́ẹ̀ ni March 5, 1966, nígbà tí Boeing 707 ti ilé-iṣẹ́ BOAC kan gbéra ní Tokyo tó fẹ́ lọ sí Hong Kong. Lẹ́yìn òkè Fuji ni afẹ́fẹ́ ti fà á ya. Èèyàn 124 ló kú. 

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ṣe máa sún mọ́ góńgó

Ẹ gòkè tán kí ẹ tó dé ibẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ ó máa gòkè lọ bí ẹ ṣe ń lọ. Bó bá gba kí ẹ yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ẹ yí po. Mo fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,000 lórí góńgó bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ rárá. Ẹ rántí pé bí ẹ bá ju 12,500 lọ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, òfin ní kí awakọ̀ lo ọ́síjìn.

Ẹ má dojú kọ òkè náà tààrà. Ẹ gbà á ní ìgun, bí ìdajì igun ilé, 45°. Bí ohun kan bá wá ṣẹlẹ̀, ìyípadà díẹ̀ ló kù tí ẹ ó fi kẹ́yìn sí i. Ẹni tó bá dojú kọ ọ́ ṣánṣán gbọ́dọ̀ yí gbogbo ara padà, ìyípadà bẹ́ẹ̀ sì ń gba àyè àti gíga tí ẹ lè má ní.

Bí ẹ ṣe ń bọ̀, ẹ tẹjú mọ́ góńgó náà àti ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ilẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀hún bá ń yọ sí i, tí ẹ ń rí igi sí i, odò sí i, ẹ ó ré e kọjá. Bí góńgó bá ń gòkè bò ó mọ́ yín lójú, ẹ ń rì. Kò gba ẹ̀rọ kankan, kò gba ìṣirò. Ẹ yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò dára.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dín eré kù

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fẹ́ sáré kọjá ibi tó ń gbọ̀n, bí ẹni ń wa mọ́tò lórí bọ́m̀pù. Bàálù á fọ́ báyẹn. Ìwé bàálù kọ̀ọ̀kan ní iye eré kan tí apá rẹ̀ á ti pàdánù afẹ́fẹ́, tí yóò sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀, kí ẹrù afẹ́fẹ́ tó lè ṣẹ́ ẹ. Fún Cessna 172S, nọ́ọ̀tì 105 ni bó bá kún fún ẹrù pátápátá, ó di 98 bó bá wúwo tó pọ́n-ùn 2,200, ó di 90 bó bá jẹ́ 1,900. Ẹ wò ó dáadáa: bó bá ṣe fúyẹ́ tó ni eré náà ṣe ń dín kù. Èmi náà rò pé òdìkejì rẹ̀ ni nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́. Bàálù tó fúyẹ́ ni afẹ́fẹ́ ń rí jù sókè, bíi páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò sìmẹ́ǹtì.

Kí bẹ́líìtì gbogbo èrò le. Ẹ so ẹrù mọ́lẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń di gíga mú fúnra rẹ̀. Ẹ mú apá bàálù dọ́gba, kí ẹ sì jẹ́ kó máa lọ sókè sísàlẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń bá gíga jà, tó ń fà, tó ń tì, òun gan-an ló ń fi kún ẹrù tó wà lórí apá bàálù rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: bí afẹ́fẹ́ bá ń tẹ̀ yín mọ́lẹ̀

Ìwé FAA sọ pé afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn òkè tó ń já wálẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1,500 sí 2,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Cessna tuntun, létí òkun, kò lè gòkè ju 730 lọ láàárín ìṣẹ́jú náà. Ẹ ò lè fi agbára jà á.

Ìtàn Steve Fossett ni mo máa ń rántí. Ọkùnrin yìí ti fi bàlúùnù yí ayé ká lóun nìkan ní 2002. Ní August 2006, òun àti Einar Enevoldson gun ìgbì afẹ́fẹ́ òkè Andes ní Argentina nínú bàálù aláìlẹ́ńjìnnì dé ibi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 50,000 lọ. Ta ló mọ ìgbì òkè tó o? Ní September 3, 2007, ó gbéra láàárọ̀ láti oko kan ní Nevada nínú Super Decathlon, bàálù alágbára-ẹṣin 180 tí wọ́n fi ń takìtì lójú ọ̀run. Ó ní òun ń lọ gbafẹ́ díẹ̀. Kò fi ètò ìrìnàjò sílẹ̀. Wọ́n wá a títí. Àwókù bàálù àwọn ẹlòmíràn tó ti pẹ́ ni wọ́n ń rí. Ó lé ní ọdún kan kí ẹni tó ń rìn nínú igbó tó rí àwọn káàdì rẹ̀ nítòsí Mammoth Lakes ní California, kí wọ́n tó rí bàálù ọ̀hún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Àwọn olùwádìí NTSB, àjọ tó ń ṣèwádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní afẹ́fẹ́ tó ń já wálẹ̀ ju agbára tí bàálù náà ní láti gòkè lọ ló fà á, àti pé gíga òkè àti afẹ́fẹ́ tó fẹ́lẹ́ dá kún un.

Nítorí náà, ìyípadà ló kọ́kọ́ kàn, ìgòkè tẹ̀ lé e. Ẹ ti agbára ẹ́ńjìnnì wọlé, ẹ yí sí ibi tí ilẹ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀, kí ẹ sì di eré ìgòkè tó wà nínú ìwé mú tàbí kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ̀rù á máa sọ fún ọwọ́ yín pé kó gbé imú sókè. Bí ẹ bá gbé e, eré á kú, bàálù á dákú (apá rẹ̀ ò ní lè gbé e mọ́), ẹ ó sì wá ní wàhálà méjì. Afẹ́fẹ́ tó ń já náà ní ààlà. Eré tí ẹ ní lọ́wọ́ ló máa gbé yín jáde níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: nínú àfonífojì

Ẹ má gba àárín rẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọ lu òkè, yóò máa gbé yín sókè, ìdajì kejì á sì ṣófo fún ìyípadà. Ẹ má sì wọ àfonífojì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láé: ilẹ̀ á máa ga, ògiri á máa fún, ẹ́ńjìnnì á máa rẹ̀. Ẹ gba òkè rẹ̀ wọlé kí ẹ máa bọ̀ wá sísàlẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jáde

Bí bàálù bá ti gbọ̀n débi tí ẹ ò fi lè darí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ sọ fún mẹkáníìkì kó yẹ apá àti ìrù rẹ̀ wò kí ẹlòmíràn tó wà á. Ẹ má tijú.

Kí ẹ sì ròyìn lórí rédíò: ibi tí ẹ wà, aago, gíga, irú bàálù, àti bó ṣe gbọ̀n tó. Lọ́jọ́ Rollins Pass yẹn, a ò tíì rí Denver lọ́ọ̀ọ́kán tí olùkọ́ mi fi gbé ẹ̀rọ sẹ́nu tó ka gbogbo rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni ń ra ẹ̀wà lọ́jà. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ohùn ọkùnrin kan wọlé. Òun náà wà nínú Cessna, ó lé ní máìlì 15 lẹ́yìn wa, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ méjì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ o, òun ti ń yí padà.